Ojú ọ̀nà I-64: láti Louisville dé Williamsburg, lẹ́yìn àwọn tó mọ rebound já

Bí ènìyàn bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀, tí ó sì fi ìka tọ ọ̀nà márosẹ̀ I-64 láti ìlú Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky, gba àárín àwọn òkè West Virginia, títí dé Virginia níbi tí ọ̀nà náà ti ń sún mọ́ òkun, yóò rí i pé lẹ́bàá ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mọ rebound, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí apẹ̀rẹ̀ tí kò wọlé tó sì ta padà, já jù lọ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì ti gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Louisville nìyẹn, a sì jọ fi ọkọ̀ wọn rin ọ̀nà náà nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí ìdíje àwọn yunifásítì ń gbóná lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Houston nígbà tí Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì ìlú náà, láàárín 1981 sí 1984, ọkàn wọn kò sì tíì kúrò nínú ìgbà náà títí di òní. Ohun tí èmi máa ń sọ ni pé rebound kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíga, ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ sí ni. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ni, pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní gíga, tí ó tún fún ní ẹsẹ̀ tó fúyẹ́, kò sí ẹni tí yóò bá a du bọ́ọ̀lù tó ta kúrò lára irin apẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ni a gbé wọ ọkọ̀ pẹ̀lú kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan.

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́rú: Louisville

Freedom Hall ni a kọ́kọ́ lọ. Inú ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn ọjà àti ẹran ọ̀sìn ni gbọ̀ngàn náà wà, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú. Yunifásítì Louisville gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti 1956 títí di 2010 kí wọ́n tó kó lọ sí gbọ̀ngàn tuntun létí odò Ohio, ìdíje àṣekágbá gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà sì wáyé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín 1958 sí 1969. Ilẹ̀kùn wà ní títì lọ́jọ́ tí a dé. Ẹni tó bá fẹ́ rí inú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ tí ètò kan yóò wáyé níbẹ̀, nítorí wọn kò ní ṣí i nítorí àlejò tó kàn yà.

Bí a ti ń wo ilé náà láti ìta nínú òtútù, bàbá kan tó ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí jáde wá béèrè ohun tí a ń wá. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dárúkọ Wes Unseld, ojú bàbá náà tàn bí ẹni tí a bá dárúkọ àbúrò rẹ̀. Ọmọ ìlú náà gan-an ni Unseld. Ilé ẹ̀kọ́ girama Seneca ló lọ, ilé ẹ̀kọ́ náà sì gba ife-ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ Kentucky ní 1963 àti 1964 nígbà tó wà níbẹ̀. Òfin ayé ìgbà náà kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì bá àwọn àgbà gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà ọdún mẹ́ta péré ni Unseld fi gbá a fún Louisville, láti 1965 sí 1968, síbẹ̀ rebound 1,551 ló já, èyí tó jẹ́ 18.9 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7 lọ, ìyẹn kò sì ga rárá fún ẹni tó ń gbá àárín, ìyẹn ẹni tó ń dúró nítòsí apẹ̀rẹ̀.

Bàbá náà ní kí Ẹ̀gbọ́n dúró bí ẹni tó fẹ́ fò sókè, ó yí ẹ̀yìn sí wọn, ó la ẹsẹ̀, ó rọ ìdí mọ́ wọn ní itan, ó sì na ìgúnpá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n fi orí kan ga ju bàbá náà lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Bàbá náà ní báyìí ni Wes ṣe máa ń ṣe, pé ohun tó tún burú fún àwọn alátakò ni pé bí ó bá ti já bọ́ọ̀lù náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀ dáadáa ni yóò ti yí ara padà tí yóò sì ti ju bọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì dé àárín pápá, níbi tí ẹnìkejì rẹ̀ ti ń sáré lọ. Mo wo Ẹ̀gbọ́n lójú. Ẹ̀gbọ́n wo òkè.

Wọ́n gba ẹ̀san lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bi bàbá náà bóyá ó rántí Albuquerque, ní oṣù kẹrin ọdún 1983, bàbá náà sì mi orí bí ẹni tí eyín ń dùn. Lọ́jọ́ náà, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Houston na Louisville 94 sí 81, Ọlájùwọ́n gba àmì 21 ó sì já rebound 22. Bàbá náà ní èémí ló pa àwọn ọmọ Louisville, nítorí ìlú náà wà lórí òkè tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5,000 lọ, afẹ́fẹ́ kò sì tó wọn mọ́ ní ìdajì kejì. Ẹ̀gbọ́n ní ṣé afẹ́fẹ́ tí Ọlájùwọ́n ń fà yàtọ̀ ni?

Ní ọ̀sán, a jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Hot Brown, èyí tí ilé ìtura Brown ní ìlú náà dá sílẹ̀ ní 1926: búrẹ́dì, ẹran tòlótòló, ọbẹ̀ wàrà tí wọ́n dà lé e lórí, àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ. Mùsùlùmí ni Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì ní kí wọ́n yọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nínú tiwọn, agbóúnjẹ náà kò bínú. Owó rẹ̀ lé ní dọ́là 25. Àwo kan tó ènìyàn méjì tí ebi kò bá pa wọ́n jù.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀: Lexington àti Morehead

Láti Louisville dé Lexington kò tó wákàtí kan àtààbọ̀. Bí ènìyàn ti ń sún mọ́ ìlú náà ni yóò máa rí àwọn ọgbà ẹṣin tí wọ́n fi pákó sọgbà yí ká, àwọn ẹṣin náà sì wọ aṣọ òtútù tó dára ju tèmi lọ.

Àárín ìlú ni Rupp Arena wà, ilé ìtajà sì wà nítòsí rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ẹgbẹ́ Kentucky béèrè ibi tí a ti wá. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ Áfíríkà ni wá, orúkọ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Oscar Tshiebwe, ọmọ Lubumbashi ní orílẹ̀-èdè Kóńgò. Ní sáà 2021 sí 2022, rebound 15.1 ni Tshiebwe ń já nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Inú gbọ̀ngàn yìí ló ti já 28 mọ́ Western Kentucky lọ́wọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Obìnrin náà ní òun wà níbẹ̀, pé nígbà tó yá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó wọlé ni àwọn ènìyàn ń pariwo fún mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ti ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé ni ariwo ti ń sọ.

Ibi tí inú rẹ̀ bàjẹ́ sí ni ìgbẹ̀yìn sáà náà. Saint Peter's, yunifásítì kékeré kan láti New Jersey, lé Kentucky kúrò nínú ìdíje ńlá ti gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà ní ìpele àkọ́kọ́, 85 sí 79 lẹ́yìn àfikún àkókò. Tshiebwe gba àmì 30 ó sì já rebound 16 lọ́jọ́ náà. Mo gbà pé èyí ni ohun tí àwọn tó ń ka àmì nìkan kì í rí: ẹnì kan lè kó gbogbo bọ́ọ̀lù tó ta padà jọ, kí àwọn tó kù máà mọ ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe.

Kí a tó kúrò lágbègbè náà, a yà ní Winchester, a sì ra Ale-8-One, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ata ilẹ̀ ṣe, nínú ìgò aláwọ̀ ewé. Ìlú yìí ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1926. Ẹ ra ju ìgò kan lọ, nítorí tí ènìyàn bá ti kúrò ní Kentucky, kò rọrùn láti rí.

Ìlú kékeré láàárín òkè ni Morehead. A bọ́ sí i ní ìrọ̀lẹ́, a sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn Johnson, kò tó dọ́là 20 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń já rebound, irú gbọ̀ngàn báyìí ni kí ó lọ, kì í ṣe àwọn ńlá tí ènìyàn yóò ti máa wo agbábọ́ọ̀lù bí èèrà. Ìjókòó wa sún mọ́ pápá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ìró bàtà lórí pákó.

Ní ìdajì kejì, ọmọ kan ju bọ́ọ̀lù láti igun ọ̀tún. Mo fi ojú sílẹ̀ kúrò lára bọ́ọ̀lù náà, mo ń wo ọmọkùnrin kan nínú àwọn tó ń gbèjà, tí kì í ṣe òun ló ga jù nínú wọn. Kò wo òkè rárá. Ó kọ́kọ́ fi apá wá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìdí tì í sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ méjì, ó sì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lójú ọ̀run. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù láti igun kan, tí kò bá wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa ń sábà ta sí. Ó gba irin, ó ta gun òkè orí àwọn méjì tí wọ́n ń fò lásán, ó sì bọ́ sí àyà ọmọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀.

Orúkọ Kenneth Faried ni gbogbo ènìyàn ń dá níbẹ̀. Ó já rebound 1,673 fún Morehead State láàárín 2007 sí 2011. Níwọ̀n bí àwọn alákòóso ti ya àkọsílẹ̀ ayé àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1973, ohun tó ṣe ni pé ó borí 1,570 ti Tim Duncan, ẹni tó ti wà ní iwájú láti ìgbà tó wà ní Wake Forest. Arákùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún wa nípa oṣù kẹta ọdún 2011, nígbà tí Morehead na Louisville 62 sí 61 nínú ìdíje ńlá, tí Faried já 17, tí ó sì tún dí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tí Louisville jù. Ó ní ọmọ òun àkọ́kọ́, tó ń jẹ gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò tíì dáyé nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìtàn náà ju ìwé rẹ̀ lọ. Ó fi gúgúrú lọ̀ wá, a sì gbà á.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́ Ẹtì: Huntington

Òjò dídì díẹ̀ bọ́ lóru, nítorí náà a kò yára. A kọjá sí West Virginia ní òwúrọ̀, a sì dúró ní Yunifásítì Marshall. Ṣáájú ohun gbogbo, a lọ dúró níwájú orísun omi tí wọ́n ṣe ní ìrántí àwọn 75 tí wọ́n kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (football) ti yunifásítì náà ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1970. Àlejò kò gbọdọ̀ dé Huntington kí ó máà yà níbẹ̀.

Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ wá ni Charlie Slack. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 5 ni gíga rẹ̀, síbẹ̀ ní sáà 1954 sí 1955, rebound 25.6 ló ń já nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní ìpele tó ga jù lọ tó tíì já tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan láti ìgbà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1954, ó já 43 nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì Morris Harvey. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ni Cam Henderson, ẹni tí wọ́n sọ gbọ̀ngàn ti òde òní ní orúkọ rẹ̀, eré sísá ni Henderson sì fẹ́ràn: kí wọ́n já bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì máa sá lọ.

Ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta sọ́sééjì nínú búrẹ́dì pẹ̀lú kábéèjì gígé, mo ṣàlàyé fún Ẹ̀gbọ́n ìdí tí iye náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1950, nínú 100 bọ́ọ̀lù tí àwọn yunifásítì bá jù, èyí tó ń wọlé kò tó 40. Ní 1984, ó ti di 48. Bí bọ́ọ̀lù tó ń wọlé bá ti ń pọ̀ sí i, èyí tó ń ta padà ń dín kù, kò sì sí bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè gùn tó tí yóò fi já bọ́ọ̀lù tó ti wọlé. Ẹgbẹ́ tó bá tún ń sáré bí ti Henderson, àwọn méjèèjì yóò máa ju bọ́ọ̀lù láì sinmi, ìkórè yóò sì pọ̀. Nítorí náà, kò tọ́ kí a gbé 25.6 ti Slack sí ẹ̀gbẹ́ 15.1 ti Tshiebwe kí a sì ní ìlọ́po ni èkíní fi ju èkejì lọ. Ohun tó yẹ kí a wò ni iye tí ènìyàn já nínú iye tó wà nílẹ̀ láti já.

Ẹ̀gbọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀. Wọ́n ní tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ó síwájú gbogbo agbábọ́ọ̀lù yunifásítì nínú rebound ní sáà 1983 sí 1984, ní ọdún tí mo fi ẹnu ara mi sọ pé bọ́ọ̀lù wọlé jù? Ọlájùwọ́n ni, 13.5 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, òun náà ló sì tún síwájú nínú dídí bọ́ọ̀lù, àti nínú ìdá bọ́ọ̀lù tó ń wọlé nínú èyí tí ó bá jù. Ọ̀bẹ tí mo pọ́n ni wọ́n fi gé mi. Bàbá àgbà kan tó jókòó ní tábìlì kejì, tó ti ń gbọ́ wa láti ọjọ́ yìí, gbé ife kọfí rẹ̀ sókè sí Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ní kí a má gbàgbé pé Slack kì í ṣe òmìrán, pé ọwọ́ rẹ̀ ló tóbi tí ó sì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Ìdajì ẹjọ́ mi padà bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹrin, Àbámẹ́ta: Charleston, òkè, àti táyà

Ọjọ́ yìí ló gùn jù, ẹni tó bá fẹ́ rìn ín kí ó kúrò ní àfẹ̀mọ́júmọ́. A jẹ bisikíìtì ní Charleston. Kì í ṣe bisikíìtì tí a mọ̀ nílé, búrẹ́dì rírọ̀ gbígbóná tí wọ́n là sí méjì ni. Ti Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ẹyin àti wàràkàṣì. Lódì kejì odò Kanawha sí ilé ìjọba tí wọ́n fi wúrà bo òrùlé rẹ̀ ni yunifásítì kékeré kan wà, òun ni wọ́n ń pè ní Morris Harvey tẹ́lẹ̀, àwọn tí Slack já 43 mọ́ lọ́wọ́. A kàn wò ó láti òkèèrè ni.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà owó ni. Tóògéètì mélòó kan wà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a san ju dọ́là mẹ́rin lọ díẹ̀. Ẹ kọjá Cabin Creek pẹ̀lú sùúrù, nítorí agbègbè yẹn ni Jerry West ti jáde. Ayinbọ́n sí apẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3 sì ni, ṣùgbọ́n títí di òní òun ni rebound rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ìtàn Yunifásítì West Virginia, 1,240. Ní 1959, Freedom Hall tí a wò lọ́jọ́ kìíní ni California ti na àwọn ọmọ West Virginia 71 sí 70 nínú àṣekágbá, síbẹ̀ West ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Ọlájùwọ́n ní 1983: ó gba àmì 20, ó já 18, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ, North Carolina State sì gbé ife lọ, 54 sí 52.

Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ìparí ìdíje yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù. Dereck Whittenburg ti North Carolina State ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò dé ibi irin, kò sì sí ẹni tó dí Lorenzo Charles, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Charles fò, ó gbá a mú, ó sì tì í wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ń wò ó nínú yàrá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́, pé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò sí ẹni tó dìde. Mo dákẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn wà ni ọ̀rọ̀ náà, Ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ pé ohun tí mo ń rò nìyẹn.

Lẹ́yìn Beckley, ọ̀nà náà sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Sandstone fún ọ̀pọ̀ máìlì. Ẹ lo jíà kékeré, ẹ má fi gbogbo ara tẹ bíréèkì. Àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ kún fún ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì bá já wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. A sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, lẹ́yìn Lewisburg, ni táyà ẹ̀yìn ti bẹ́.

Sípéà wà, ṣùgbọ́n jáàkì wa ń rì sínú ilẹ̀ tí omi ti rọ̀. Ọkọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà kọjá kí ọkùnrin kan tó wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó dúró. Ó gbé pákó kan àti jáàkì tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kò sì jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan sípánà rárá. Nígbà tí ó rí fìlà Kentucky tí mo rà lọ́jọ́ kejì, ó ní bí òun bá ti rí i ṣáájú ni, òun ì bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì. West Virginia ni Tshiebwe ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, àárín sáà ló kúrò ní 2021, tó sì lọ sí Kentucky, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta ọkùnrin náà lára. Kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ó tún fún wa ní búrẹ́dì róbótó méjì tí wọ́n ki ẹran sí nínú, irú èyí tí àwọn awakùsà èédú ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láyé ọjọ́un. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹran náà, nítorí náà èmi ni mo jẹ méjèèjì, Ẹ̀gbọ́n sì bù nínú jọ̀lọ́ọ̀fù tútù. Ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ kan sẹ́yìn ọkọ̀ yín. Ó ṣe pàtàkì ju ohun tí mo rò lọ.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé òkè Afton, kùrukùru sì bo ibẹ̀. Wọ́n ri iná mọ́ etí ọ̀nà níbẹ̀ nítorí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ni a ń tẹ̀ lé títí a fi bọ́ sí Charlottesville.

Ọjọ́ karùn-ún, Àìkú: Charlottesville

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹ̀gbọ́n sì sùn. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń mu tíì, nígbà tó sì gbọ́ ohun tí a wá ṣe, ó ní kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó ní òun àti ọkọ òun kì í pàdánù ìdíje kankan nígbà ayé Ralph Sampson.

Ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 4 ni Sampson, ọmọ Harrisonburg tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ Naismith gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, ọdún mẹ́rin ló sì lò láì lọ gba owó níbòmíràn, láti 1979 sí 1983. Rebound rẹ̀ jẹ́ 1,511, ìyẹn 11.4 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Iye tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé ẹni tó ga jù ní gbogbo ojú ọ̀nà yìí kọ́ ni iye rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, kódà nígbà tí a bá yọ àwọn ará àtijọ́ kúrò. Mo sọ èyí níwájú ìyá náà. Ìyá náà ní ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń rọ̀ mọ́ Sampson lára bí bọ́ọ̀lù bá ti gòkè, pé rebound tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń já nítorí ìyẹn, kò sí ìwé tó kọ ọ́ sí i lórúkọ. Mi ò ní èsì. Mo ṣì ń ronú sí i bí mo ti ń kọ èyí.

Ìyá náà kò tíì dárí ji Houston. Ní 1984, nígbà tí Sampson ti lọ, Virginia tún dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Ọlájùwọ́n àti Houston sì fi àmì méjì péré lé wọn sílé, 49 sí 47, lẹ́yìn àfikún àkókò. Ọ̀rọ̀ tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni pé ní ọdún kan náà ni Ọlájùwọ́n lọ bá Sampson nínú Houston Rockets, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó, tí àwọn òmìrán méjèèjì fi ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀. Ẹ̀gbọ́n àti ìyá náà jẹ kéèkì pọ̀ lórí ìyẹn.

University Hall tí Sampson ti gbá bọ́ọ̀lù kò sí mọ́, wọ́n wó o ní 2019, ní ọdún kan náà tí Virginia gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ má ṣe wá a kiri.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́ Ajé: Williamsburg

A gba Richmond kọjá láì dúró. Ìlú Armando Bacot ni, ẹni tó já ju 1,700 lọ fún North Carolina kí ó tó parí ní 2024, tí ó sì borí iye Faried. Mo tọ́ka sí pátákó ìlú náà, Ẹ̀gbọ́n ní iwájú ni kí n máa wò.

Ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì William & Mary, ilé bíríkì pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní Blow. Ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí a fi fi í sí ọjọ́ iṣẹ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà má ṣe lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ilé eré ìdárayá ni tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1953, Bill Chambers, tí gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 4 lọ, já rebound 51 nínú ìdíje kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó tíì dé ibẹ̀ láti ìgbà náà. Slack pẹ̀lú 43 ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó sì já 51 náà mọ́ lọ́wọ́ ni Virginia, àwọn ará Charlottesville tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Inú mi dùn pé ìyá àná kò bá wa wá.

Obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì àkọ́kọ́ kò yà á lẹ́nu nígbà tí a béèrè. Ó ní a kọ́ ni àkọ́kọ́. Ó jẹ́ kí a rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n ṣírò rẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn: ìṣẹ́jú 40 ni ìdíje, nítorí náà bí a bá pín in, ó ju ẹyọ kan lọ tí Chambers ń já ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bojú wo àjà ilé náà, wọ́n ní àjà náà kò ga, bóyá òun ló fi ràn án lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n gbà pé bí Ọlájùwọ́n bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, 20 ni Chambers ì bá já.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílò ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ lọ sí èyí tí wọ́n ń san owó fún nítòsí àárín ìlú. Láti ibẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú Norfolk kò jìnnà, ibẹ̀ ni mo ti wọ bàálù, Ẹ̀gbọ́n sì fi ọ̀nà kan náà padà sílé. Wọ́n fẹ́ kí ìrìn-àjò tó ń bọ̀ jẹ́ ti Philadelphia, nítorí Tom Gola ti La Salle, tí 2,201 rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Èmi fẹ́ Jacksonville, níbi tí Artis Gilmore ti ń já 22.7 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Gilmore ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, Gola kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí oníkálukú wa fi mú ẹni tó ń da ẹjọ́ rẹ̀ rú, a kò tíì rí àlàyé fún un.